Ọjọ́ 60 ní àhámọ́: ibi tí òfin ìgbésùnmọ̀mí ti ń pàdé ẹ̀tọ́ ará ìlú

Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn n'Íbàdàn lórí ẹ̀sùn olè jíjà, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ti sọ iye àkókò tí wọ́n ní. Abala 35 ní kí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un. Bí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sínú ìwé fún un, ní èdè tó yé e.

Ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí kì í gba ọ̀nà yẹn. Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2022, gba àwọn agbófinró láyè láti lọ gba àṣẹ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, kí wọ́n fi afurasí sí àhámọ́ fún ọjọ́ 60. Bí 60 bá pé tí ìwádìí kò tíì parí, wọ́n lè padà lọ gba 60 mìíràn. Lábẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin àtijọ́ ní 2013, ọjọ́ 90 ni. Ó ti dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣẹ tó ṣe é sọ dọ̀tun léraléra kò ní òpin tẹ́nikẹ́ni lè kà lórí ìka.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ ọ̀hún. Agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ló máa ń wà níwájú adájọ́. Afurasí kò sí níbẹ̀, lọ́yà rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lè má tilẹ̀ mọ ibi tó wà. Yorùbá sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èsì àwọn tó fara mọ́ òfin yìí ni pé bí wọ́n bá ń pe afurasí sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù á gbọ́, wọ́n á sì sá lọ. Ẹni tó gbé Maiduguri ní 2013 kò ní fi èsì yẹn ṣàwàdà. Síbẹ̀, adájọ́ nìkan ló kù tó lè bi wọ́n léèrè dípò ẹni tí kò sí níbẹ̀: kí lẹ rí lọ́wọ́ rẹ̀? Kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ 60 ṣe? Bí kò bá béèrè, kò sẹ́ni tí yóò béèrè.

Ìwé òfin fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Àkókò tí abala 35 là sílẹ̀ kò kan ẹni tí wọ́n fura sí, pẹ̀lú ìdí tó mọ́gbọ́n wá, pé ó dá ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, ìgbésùnmọ̀mí tó bá sì mú ẹ̀mí lọ wà lára irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Abala 45 náà gbà kí òfin dín òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọ àti ìrìnàjò kù nítorí ààbò ìlú, bí ó bá ṣáà jẹ́ ohun tó bójú mu ní ìjọba tiwa-n-tiwa. Ìfìyàjẹni kò sí nínú ohun tí abala yẹn yọ̀ǹda. Kò sí adájọ́ tó lè fọwọ́ sí i. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò afurasí, ì báà ṣe ìyá tó bí i. (Ẹni tó rántí èyí nídìí káńtà àgọ́ ọlọ́pàá ni kò pọ̀.)

Ní oṣù Ọ̀wàrà 2017, wọ́n kó afurasí Boko Haram 575 wá síwájú adájọ́ ní bárékè ológun ní Kainji. Ọ̀pọ̀ wọn ti lo ọdún mélòó kan ní àhámọ́. Ẹni 45 ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní kí 468 lọ gba ẹ̀kọ́ ìyíwàpadà kí wọ́n tó máa lọ sílé, wọ́n fagi lé ẹjọ́ 34, wọ́n sì dá 28 padà sí àhámọ́ fún ìgbẹ́jọ́ níbòmíràn.

Owó pàápàá ń wọ irú àhámọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Bélú 2020, lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, Báńkì Àpapọ̀ gba àṣẹ láti ti àkáǹtì 20 pa fún ọjọ́ 90. Ohun tí wọ́n sọ fún adájọ́ ni pé àwọn fura pé owó ìgbésùnmọ̀mí lè wà nínú rẹ̀. Níbí náà, ẹnu báńkì nìkan ni adájọ́ gbọ́. Oṣù Èrèlé 2021 ni wọ́n tó ṣí àwọn àkáǹtì náà.

Ẹni tó bá rí i pé wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ òun mọ́lẹ̀ lè lo abala 46 láti pe ìjọba lẹ́jọ́. Bí kò bá lè jáde, ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 gbà kí ẹlòmíràn pe ẹjọ́ náà fún un, ó sì ní kí ilé ẹjọ́ fi ìgbẹ́jọ́ náà sí àárín ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá rí i pé àhámọ́ náà lòdì sófin, abala 35 ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.