Ìnira àdúgbò ni, kì í ṣe "núísáǹsì"

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ilé ìyá kan ládùúgbò wa: "Ẹ mú núísáǹsì yìí kúrò láàárín ọjọ́ 7." Ìyá yìí mọ Yorùbá kà dáadáa, Bíbélì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán. Síbẹ̀ ó pè mí: "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ní kí n gbé kúrò?" Inú bí mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì ni "núísáǹsì" (nuisance): ohun tí ẹnì kan ń ṣe, tàbí tó ń ti ilé rẹ̀ jáde, tó ń pa àwọn aládùúgbò lára. Kí ni ká wá pè é ní Yorùbá? Àwọn kan ní ká pè é ní "ìwà ìbàjẹ́". Rárá o. Ìwà ìbàjẹ́ ni ti ẹni tó gba rìbá. Àwọn mìíràn ní "èérí". Èérí dára fún ààtàn, ṣùgbọ́n èérí wo ló wà nínú ariwo jẹnẹrétọ̀ lóru? Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni "ìyọlẹ́nu", òun ni mo sì kórìíra jù, nítorí ó fẹ́ jọ òótọ́. Bí a bá ní ẹnì kan ń yọ wá lẹ́nu, ìwà rẹ̀ là ń bá wí. Òfin kò wo ìwà níbí. Gàrí ni ìyá yìí ń ṣe, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Omi ẹ̀gẹ́ ló ń ṣàn lábẹ́ ibi tó ti ń fún un, funfun, ó ń hó, ó gba abẹ́ ògiri bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn. Koríko ibẹ̀ ti kú, eṣinṣin kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lórí "ìnira àdúgbò". Ohun tó ń ni ènìyàn lára ni ìnira. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wò ó. Ọ̀rọ̀ "àdúgbò" pàápàá kò ti ọ̀dọ̀ mi wá: abala 247 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ àwọn tó ń gbé tàbí tó ń ṣòwò ládùúgbò. Ẹni tó bá ba afẹ́fẹ́ wọn jẹ́ títí tó fi lè ṣàkóbá fún ìlera wọn lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura.

Ẹ fi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ wò ó. Òrùlé, tèmi ni. Òjò, ti Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé mi bá ń já sí ìdí ògiri yín, tí ògiri là, ta ni yóò bi mí bóyá mo fẹ́ bẹ́ẹ̀? Ibi tí omi já sí ni wọn yóò wò.

Ní ìlú kékeré, ilé baálẹ̀ tàbí ìpàdé àwọn onílé lọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tán níbẹ̀, wọn a lọ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, wolé-wolé a dé. Ẹ wo orúkọ tí àwọn bàbá wa fún òṣìṣẹ́ tó ń wo ìkòkò omi wọn bóyá tanwíjí wà níbẹ̀! Wọn kò pè é ní "ínsípẹ́kítọ̀". Ohun tó ń ṣe ni wọ́n fi pè é, ó sì yé ọmọdé. Bí wolé-wolé bá rí ìnira, yóò kọ ìwé ìdẹ́kun ìnira, yóò dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí nǹkan kò yí padà, ó di kọ́ọ̀tù. Ìnira gbogbo ìlú àti ìnira ẹnì kan tí àwọn lọ́yà ń pín sọ́tọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Mo tún ìwé náà kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìyá: "Omi ẹ̀gẹ́ yín ń ni àdúgbò lára. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un kí ọjọ́ 7 tó pé." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí ọmọ rẹ̀ lọ yá ṣọ́bìrì wá.