Ó Dúdú, Ó Pọ́n: Ojú Tí Sátẹ́láìtì Fi Ń Wo Oko àti Omi

Mo na fóònù sí bàbá kan lójú oko wọn lọ́nà Ìsẹ́yìn, mo ní, "Bàbá, ẹ wo ibi tí àgbàdo yín ti ṣe dáadáa jù." Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo ṣí sílẹ̀, igun kan lápá ìsàlẹ̀ oko náà sì dúdú ju gbogbo ìyókù lọ. Bàbá wo fóònù, wọ́n gbójú sókè wo apá ibẹ̀, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ẹ̀kan lẹ ń yìn yẹn. N ò tíì ro apá ibẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbìn ín."

Látọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá pè mí nìyí: sátẹ́láìtì ò mọ àgbàdo, kò mọ ẹ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ilẹ̀ ta padà sókè ló ń gbà. Àwa tá a jókòó sídìí kọ̀ǹpútà la ń sọ pé àgbàdo ni.

Ìmọ́lẹ̀ pupa tó wà lára oòrùn ni ewé ń gbé mì, òun ló fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Lẹ́yìn pupa, irú ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tí ojú wa ò ká, tí wọ́n ń pè ní infrared. Ewé ò nílò ìyẹn, ńṣe ló ń dá a padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ewé tára rẹ̀ le lè dá nǹkan bí ìdajì rẹ̀ padà. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ tàbí tí ajílẹ̀ ò tó o, kò ní lè gbé pupa mì bó ṣe yẹ mọ́, infrared tó ń dá padà náà á sì dín kù. Ìṣirò rẹ̀ kò le: a ó yọ pupa kúrò lára infrared, a ó wá fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín in. Ká ní oko kan dá infrared 45 padà nínú 100, tó sì dá pupa 5 padà. 40 tá a fi 50 pín, 0.8 nìyẹn. Ilẹ̀ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí lè dá infrared 25 àti pupa 20 padà. Ìyẹn ò ju 0.11 lọ. NDVI ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí.

Àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ṣe NDVI kí wọ́n tó bí baba ẹni tó kọ́kọ́ ṣe sátẹ́láìtì. Kò sẹ́ni tó ń wí lóko pé àgbàdo òun "gíríìnì". Ó dúdú ni wọ́n máa ń wí, tàbí kí wọ́n ní ó ti ń pọ́n. Nọ́ńbà la kàn fi lé dúdú àti pípọ́n lórí, ká lè wo ẹgbẹ̀rún éékà láàárọ̀ ọjọ́ kan láìfẹsẹ̀ rìn ín.

Èyí tí mo ń lò jù ni Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù. 2015 ni wọ́n ju àkọ́kọ́ sókè, èkejì tẹ̀ lé e ní 2017. Ó tó kìlómítà 786 sí ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbà lọ, tí àwọn méjì bá sì jọ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kọjá lórí oko kan náà. Onígun mẹ́rin tó kéré jù tí wọ́n lè dá mọ̀ jẹ́ mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òòró. Éékà kan gba nǹkan bí 40 irú rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì ilé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò gbà tó 7. Landsat tí Amẹ́ríkà ti ń rán sókè láti 1972 tún fẹjú ju ìyẹn lọ, mítà 30 ni tiẹ̀. Éékà kan kò gbà tó 5 níbẹ̀. Nítorí náà, tí oko yín ò bá ju pulọ́ọ̀tì méjì lọ, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ rìn yí i ká. Ọ̀fẹ́ ni àwòrán méjèèjì, ti Landsat láti 2008. Ẹni tó bá ní owó àwòrán lòun ń gbà, ẹ bi í pé ti sátẹ́láìtì wo.

Ìkúukùu ni ọ̀tá wa. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí nǹkan wà lóko gan-an, funfun báláú là ń rí. Mo ti ṣí àwòrán mẹ́fà tẹ̀ léra wọn rí tí mi ò rí oko kankan. Tí ọyẹ́ bá dé, ìkúukùu á lọ, àmọ́ àgbàdo ti wọ àká, eruku àti èéfín iná igbó á sì gba ipò rẹ̀. Sentinel-1, sátẹ́láìtì mìíràn tó ń lo rádà, ìyẹn ìgbì tó ń ta sílẹ̀ fúnra rẹ̀ dípò ìmọ́lẹ̀ oòrùn, máa ń la ìkúukùu kọjá, lóru àti lọ́sàn-án. Ó wúlò fún àkúnya omi àti ìrẹsì àkùrọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ dúdú, kò mọ pípọ́n. Bí nǹkan ṣe rí gbágungbàgun àti bí omi ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀ ló ń bá a ṣe.

Ẹ̀yin olóko kòkó, òfin Yúróòpù ọdún 2023 kọ kòkó tó bá jáde láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2020, àwòrán sátẹ́láìtì sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi yẹ̀ ẹ́ wò. Oko kòkó àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìrókò àti afárá jọ igbó lójú sátẹ́láìtì. Tẹ́ ẹ bá gé àwọn igi yẹn láti tún kòkó gbìn, máàpù lè ní igbó lẹ gé. Ẹ gbé fóònù dání rin ààlà oko yín, kẹ́ ẹ ya àwọn igi kòkó náà pẹ̀lú ọjọ́ lára àwòrán, kí àdá tó kàn wọ́n.

Omi ló ń wù mí wò jù. Omi tó mọ́ a máa gbé infrared mì pátá, ìdí nìyẹn tó fi dúdú bí aró nínú àwòrán. Tí ẹrẹ̀ bá wọ̀ ọ́, ìmọ́lẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà. Ẹni tó bá ti dé ojúbọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mọ àwọ̀ tí odò náà dà látìgbà tí àwọn awakùsà góòlù ti ń túlẹ̀ lókè odò níhà Ìjẹ̀ṣà: bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ṣùgbọ́n ẹ má wá a lórí Sentinel-2 ní Òṣogbo. Odò ò fẹ̀ níbẹ̀, igi etí bèbè á dà pọ̀ mọ́ ọn nínú onígun mẹ́rin kan náà. Asẹ́jìrẹ́ ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ibi tí wọ́n ti sé Ọ̀ṣun yìí kan náà mọ́ fún omi Ìbàdàn. Adágún ibẹ̀ fẹ̀ tó kéèyàn rí ibi tí ẹrẹ̀ ń gbà wọlé àti ibi tó ti ń rẹlẹ̀ kó tó dé ẹnu dáàmù.

Algae ni ìkejì, ohun yíyọ̀ tó máa ń bo ojú omi tí ajílẹ̀ oko àti ẹ̀gbin ilé bá ń ṣàn sí. Òun náà ń gbé pupa mì bí ewé. Àmọ́ ní bèbè pupa, kó tó di infrared, ìmọ́lẹ̀ kan wà tó máa ń ta padà gan-an lára rẹ̀, ní nǹkan bí nanomítà 705 (nanomítà ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Sentinel-2 ní ojú fún ìyẹn. A ó fi wé ìmọ́lẹ̀ pupa ti nanomítà 665 tó ń gbé mì, a ó sì mọ ibi tó ti pọ̀. Kẹ́ ẹ tó kéde ṣá, ẹ rántí pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Ọmọ iṣẹ́ mi kan gbé máàpù wá, ó ní algae ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta adágún kan. Nígbà tá a débẹ̀, ojú oró ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹyẹ ń rìn lórí ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ tí sátẹ́láìtì bá máa kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Irinṣẹ́ mi ò ju àwo pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tá a kùn ní dúdú àti funfun, tá a so okùn mọ́. Fádà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1865. Mo ta kókó sí okùn náà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibi tí àwo bá ti pòórá mọ́ mi lójú ni mo ń kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó ń tukọ̀ fún mi ki àjẹ̀ bọ omi, ó ní, "Ọ̀gá, kò ní kọjá kókó mẹ́rin lónìí." Kókó mẹ́rin náà ni.

Èyí tó léwu jù nínú omi kò ní àwọ̀. Mákúrì tí àwọn awakùsà góòlù máa ń lò, òjé, kòkòrò inú ìgbẹ́, sátẹ́láìtì ò rí ọ̀kankan. Algae tó ń rí gan-an, kò lè sọ bóyá ó ní májèlé. Ní oṣù kẹjọ 2014, wọ́n ní káwọn ará Toledo ní Amẹ́ríkà àti àyíká rẹ̀, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn, má mu omi ẹ̀rọ nítorí májèlé algae láti Adágún Erie. Sátẹ́láìtì ti ń rí algae yẹn, àmọ́ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí omi tó jáde láti ilé-iṣẹ́ omi ló mú wọn kéde. Wọ́n tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má sè é, torí iná kì í pa irú májèlé yẹn. Omi á gbẹ, májèlé á wá ki sí i.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lórí fóònù ni bóyá sátẹ́láìtì lè sọ bí omi kànga wọn ṣe rí. Kò lè sọ ọ́. Ẹ bu omi náà sínú ìgò tí yàrá àyẹ̀wò fún yín, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà gan-an.