Ìdí tí fóònù fi dákẹ́ lóṣù Kejìlá

Bàbá kan pè mí lálẹ́ Sátidé kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níléẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Maryland. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ga, ó lágbára, máàkì rẹ̀ sì dára. Látìgbà ooru ni kóòṣì yunifásítì mẹ́ta ti ń pè é. Nígbà tí ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé, tí àwọn ọmọ girama ń tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú yunifásítì, ìyẹn ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2025, kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá náà ní, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi ṣe?"

Ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Láti ọdún 2014 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bọ́ọ̀lù yìí, ṣùgbọ́n láti 2021 ni àwọn òbí ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dọọdún. Ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí mo ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ, tí bàbá ń rò pé ọmọ ti hùwà tó lé kóòṣì lọ.

Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ yunifásítì tó wà ní ìpele tó ga jù lọ ní àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 85. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 5 láti fi gbá sáà 4. Àwọn àgbà ń parí, wọ́n ń jáde, àwọn ọmọ girama ń wọlé rọ́pò wọn, ẹgbẹ́ kan kì í sì í gba ẹni tuntun tó ju 25 lọ lọ́dún. Èmi náà lè jókòó sílé kí n ka iye ẹni tó ń jáde ní Penn State tàbí Virginia, kí n sì sọ fún òbí ibi tó yẹ kó kọjú sí.

Àrùn kòrónà ló da ìṣirò yẹn rú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2020, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, pàṣẹ pé kóòṣì kankan ò gbọdọ̀ fojú kan ọmọ tó ń wá mọ́. Wọ́n ń sún òfin náà síwájú, wọ́n ń sún un síwájú, títí di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Ẹ wo bí ọmọkùnrin ọdún 16 ṣe máa ń ga lójijì láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ga bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn, kò sí kóòṣì tó rí wọn, àfi nínú fídíò. Àwọn yunifásítì pàápàá ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, àwọn Big Ten, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn líìgì yunifásítì tó tóbi jù, ní àwọn ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà wọ́n yí i padà.

NCAA wá ní àwọn ò ní ka sáà 2020 mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Mo gbà pé ìpinnu tó tọ́ ni. Ta ló máa gba ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ tí àrùn tì mọ́lé? Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó jáde kò jáde, àyè rẹ̀ kò ṣófo. Àwọn ọmọ girama ọdún 2021 ló san gbèsè yẹn, bẹ́ẹ̀ wọn ò bá ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́.

Lóṣù Kẹrin ọdún 2021 ni òfin kejì dé. Ṣáájú ìgbà náà, agbábọ́ọ̀lù tó bá kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó fún ọdún kan gbáko. NCAA ní kí olúkúlùkù máa lọ lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Nígbà tó di 2024, iye ìgbà tó bá wù ú ló lè lọ, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ti dúró dáadáa. Ọmọ wa kan fi hàn bí àǹfààní yìí ṣe lè tóbi tó. Olusegun Oluwatimi, tó jáde ní girama DeMatha nítòsí wa níbí, bẹ̀rẹ̀ ní Air Force, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ọmọ ogun òfurufú, ó bọ́ sí Virginia, ó jókòó ní 2018 bí òfin àtijọ́ ṣe wí. Ọdún tí àrùn kòrónà fi kún tirẹ̀ ló gbé lọ sí Michigan ní 2022. Lọ́dún kan ṣoṣo yẹn, ó gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington, tí wọ́n ń fún àwọn tó dára jù lọ ní ìlà iwájú. Inú gbogbo wa dùn. Àmọ́ mo máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n wo òdìkejì rẹ̀: àyè tí géńdé tó ti gbá sáà 3 jókòó sí ní Michigan, ọmọ girama kan ì bá ti jókòó sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ bàbá yẹn nìyí. Kì í ṣe àwọn ọmọ girama bíi tirẹ̀ nìkan ló ń bá du àyè. Ọmọ ọdún 17 tó máa dúró ní ìlà iwájú, níbi tí wọ́n ti ń fara kọlu ara, nílò nǹkan bí ọdún méjì kí ara rẹ̀ tó le. Kóòṣì tí wọ́n lè lé kúrò níṣẹ́ lẹ́yìn sáà kan kò ní ọdún méjì yẹn. Ó lè mú ọmọ ọdún 22 nínú transfer portal, ìyẹn àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ pààrọ̀ yunifásítì, tí fídíò rẹ̀ fi hàn bó ṣe kojú àwọn àgbà.

Owó tún wọ̀ ọ́. Láti ọdún 2025, àwọn yunifásítì tó wọnú àdéhùn ilé ẹjọ́ láàárín NCAA àti àwọn eléré lè pín owó fún àwọn eléré wọn, tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́, agbábọ́ọ̀lù 105 sì ni wọ́n lè ní. Àwọn tó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn láti wà nínú ẹgbẹ́ ni òté 105 yìí kọ́kọ́ kàn. Bí ọmọ yín bá wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1, ẹ má jẹ́ kó tọwọ́ bọ ìwé owó kankan kí lọ́yà tó mọ̀ nípa físà tó kà á.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wọlé, tó ń sọ pé òun fẹ́ fi orúkọ sínú portal, ẹ fara balẹ̀. Bí orúkọ bá ti wọ ibẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lè dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró níparí sáà ẹ̀kọ́ náà. Aago ọdún 5 kì í dúró dè é. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún kẹta gbọ́dọ̀ ti parí ìwọ̀n kan pàtó nínú oyè rẹ̀, ìwọ̀n náà sì ń pọ̀ sí i lọ́dún kẹrin àti lọ́dún karùn-ún. Oyè ilé ẹ̀kọ́ tuntun ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lè débẹ̀ kí wọ́n má gba ìdajì kọ́ọ̀sì rẹ̀. Mo mọ ọmọ méjì tó fi ẹnjiníà sílẹ̀ báyìí, kì í ṣe pé ọpọlọ wọn ò gbé e. Kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ ní kó béèrè èyí tí wọ́n máa gbà nínú kọ́ọ̀sì rẹ̀, lórí ìwé.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà ní girama, bí kóòṣì bá jókòó ní pálọ̀ yín, ẹ bi í pé ẹni mélòó ló ń parí níbi tí ọmọ yín ń gbá, ẹni mélòó ló sì mú láti portal síbẹ̀ ní ọdún méjì tó kọjá. Ìlérí ẹnu kò de ẹnikẹ́ni. NCAA ti pa ìwé ìpinnu tí àwọn ọmọ ń tọwọ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́ lóṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ìwé àdéhùn owó ẹ̀kọ́ ló kù, òun ni kí ẹ kà.

Mo sì sọ fún bàbá yẹn pé ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Nínú oṣù Kejìlá yẹn, kóòṣì ò tíì mọ ẹni tó máa fi òun sílẹ̀, torí ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ni wọ́n fi ṣíṣí portal sí. Mo ní lẹ́yìn ọjọ́ 16, wọ́n á mọ àyè tó ṣófo, ìtọwọ́bọ̀wé mìíràn sì wà ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2026. Mo ní kó fi èsì ìdánwò tuntun àti fídíò eré mẹ́ta gbáko ránṣẹ́ sí àwọn kóòṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àti sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́rin mìíràn ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni kó pè wọ́n.