Irorẹ́ Ojú Ọkùnrin: Ẹ Ṣọ́ra fún Túùbù Ọjọ́ Mẹ́ta

Ọkùnrin kì í tètè sọ pé irorẹ́ ń yọ òun lẹ́nu. Á kọ́kọ́ ra Panadol, á béèrè iye tí omi inú ìgò jẹ́, á wo ọ̀tún wo òsì, kó tó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Mà, ẹ ní nǹkan fún ojú?" Ilé oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ yunifásítì LAUTECH ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń wá ni túùbù tó máa kó gbogbo irorẹ́ nílẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Túùbù bẹ́ẹ̀ wà. Òun gan-an ló sì ń ba ojú wọn jẹ́.

Nínú ihò tí irun ti ń hù jáde lójú wa, àpò òróró kékeré wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ. Tí ọmọkùnrin bá ti ń bàlágà, họ́móònù ọkùnrin á mú kí àpò yìí máa tú òróró jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èépá awọ tó ti kú á dí ẹnu ihò, òróró á há sínú, kòkòrò tó ti ń gbé lórí awọ gbogbo wa tẹ́lẹ̀ á rí àyè pọ̀ sí i, ibẹ̀ á wú, á sì máa ro. Kò kan ìdọ̀tí rárá. Ẹni tó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú gbo ojú lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, awọ ara rẹ̀ ló ń bó, irorẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà kan a tún máa ní ọmọ náà ti tó gbé ìyàwó ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣe oògùn o.

Ẹ̀pà tí gbogbo ayé ń dá lẹ́bi kò ní ẹ̀rí tó dúró lòdì sí i. Ohun tí ìwádìí ń tọ́ka sí ni oúnjẹ tó ń tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, bíi búrẹ́dì funfun àti mínírà, àti wàrà fún àwọn kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ gbé irin, ẹ wo páúdà whey tí ẹ ń mu dáadáa, ara wàrà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wú iṣan ní tirẹ̀, họ́móònù ọkùnrin ni, irorẹ́ tó máa ń mú wá sì le gan-an.

Ẹ jẹ́ n padà sórí túùbù yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú páálí kan tó ti rún wá, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́. Mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún un: betamethasone, gentamicin, clotrimazole. Mo ní kó sún mọ́ iná. Awọ ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín hàn, irorẹ́ iwájú orí rẹ̀ sì dọ́gba bí ẹyọ ọkà bàbà, kò sí ńlá, kò sí kékeré. Irorẹ́ tí ìpara fà nìyẹn. Betamethasone, àti clobetasol tó wà nínú irú túùbù bẹ́ẹ̀ míì, sitẹ́rọ́ìdì ni wọ́n, oògùn tó ń pa wíwú. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta tí èèyàn bá pa á, wíwú á lọ, ojú á máa dán, á tún pọ́n díẹ̀, inú á dùn. Tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ tuntun á yọ. Tó bá wá dá a dúró, ojú á máa jó o, á sì sáré padà lọ rà á. Àwọn tó ń tà á fún wọn mọ èyí dáadáa, mi ò ní tan yín. Ẹni tó bá ti lò ó fún oṣù díẹ̀, kó rí dókítà kí wọ́n bá a yọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni ká wá lò? Kò pọ̀. Láàárọ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ ojú tó rọ̀ wẹ ojú, ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó, àfi tẹ́ ẹ bá làágùn gan-an. Ẹ wá fi oògùn ìpara tó ń jẹ́ benzoyl peroxide pa ibi tí irorẹ́ ti ń yọ. Àwọn oníbàárà mi fẹ́ràn nọ́ńbà ńlá, wọ́n á ní kí n fún wọn ní 10%. Èyí tó jẹ́ 2.5% ń ṣiṣẹ́ bákan náà, kò sì ń ta tó o. Ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ o, nítorí náà ẹ má wọ ankara tuntun kó tó gbẹ, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ funfun wọ ìrọ̀rí yín.

Lálẹ́, oògùn ìpara mìíràn tó ń jẹ́ adapalene 0.1% ni. Ẹ jẹ́ kí ojú gbẹ dáadáa, ẹ fún un jáde ní ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, kẹ́ ẹ fi pa gbogbo ojú, ẹ má kàn tọ́ ọ sórí irorẹ́ nìkan, torí ó ń dènà èyí tí kò tíì yọ. Ẹ fi alẹ́ kan sílẹ̀ láàárín ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú lè bó díẹ̀, irorẹ́ sì lè dà bí ẹni pé ó ń pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù, tí wọ́n á ní ayédèrú ni mo tà fún wọn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá kéèyàn tó lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Tí ìyàwó yín bá lóyún, kó má bá yín pín in lò.

Lẹ́yìn rẹ̀, ìpara tí kò lọ́ràá, tí wọ́n kọ non-comedogenic sí lára, ìyẹn ni pé kì í dí ihò awọ. Lásìkò ọyẹ́ àwọn èèyàn máa ń fi òróró àgbọn tàbí àdín ra ojú. Ẹ fi ìyẹn pa ẹsẹ̀ àti ọwọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rá irun máa ṣàn wá síwájú orí. Ìpara tó ń dènà oòrùn, SPF 30 sókè, wúlò fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, torí oòrùn ló ń jẹ́ kí àmì dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀ pẹ́ lójú. Fífi èékánná tẹ irorẹ́ náà ń dá àmì sílẹ̀, ó tún ń dá àpá.

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní irorẹ́ lágbọ̀n àti ọrùn, bọ́ǹpù ni. Irun wa ká. Tí abẹ bá gé e kánlẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ á mú, tó bá sì ń hù padà á tẹ̀ wọ inú awọ, ibẹ̀ á wú. Adapalene lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ẹ lo kílípà tó ń fi irun bíi mìlímítà kan sílẹ̀. Tí iṣẹ́ yín bá ní dandan ni kẹ́ ẹ fá a, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́, ẹ lo abẹ tuntun, ẹ fá a sí ibi tí irun dojú kọ, ẹ má na awọ, ẹ má sì padà sórí ibi kan náà léraléra.

Kókó tó máa ń yọ lẹ́yìn ọrùn, níbi tí irun orí parí sí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le jù. Tí wọ́n bá ń gé ibẹ̀ kánlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó lè le gbandi, kó wá di àpá ńlá tí irun kò ní hù lórí ẹ̀ mọ́. Yálà Tákìí lẹ ti ń gẹrun tàbí Sábó, ẹ sọ fún onígbàjámọ̀ pé kó má fi abẹ fa ìlà síbẹ̀. Ó dáa kẹ́ ẹ ní kílípà tiyín, torí ẹ̀jẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó kù lára rẹ̀ lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B láti orí ẹnìkan dé orí ẹlòmíì.

Irorẹ́ tó ń yún yín gan-an níwájú orí lè má jẹ́ irorẹ́, ó lè jẹ́ kòkòrò olù (fungus), oògùn antibiotic bíi Ampiclox á sì mú un pọ̀ sí i. Èyí tó jinlẹ̀ tó ń dun èèyàn, tó ń dá kòtò sójú, tàbí tí kò yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dókítà ló ni ín. Doxycycline, antibiotic tí wọ́n lè fún yín, ó ní àsìkò tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó dà, isotretinoin, oògùn irorẹ́ tó le tí à ń gbé mì, sì gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń rà lórí kántà. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen ọjọ́ tí dókítà awọ ara ń jókòó. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo túùbù tẹ́ ẹ ti pa sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí ọ̀rẹ́ fún yín nínú ike tí kò ní orúkọ lára, kẹ́ ẹ gbé e síwájú wọn.