Ojú ilẹ̀ àfọwọ́ṣe fún eré ogun orí tábìlì

Ojú ilẹ̀ àfọwọ́ṣe ni àwọn òkè, igbó, odò, ògiri, ilé àti àwókù tí àwọn olùṣeré ogun orí tábìlì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, kí àwọn ère ọmọ ogun kéékèèké lè rí ibi jà. Páálí, fóòmù, wáyà, iyanrìn, gúlúù àti ọ̀dà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òfin eré gùn lé e: ibi tí ọmọ ogun lè fara pa mọ́ sí, ibi tí ojú rẹ̀ lè ríran dé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè yá tó, ara ojú ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Lórí tábìlì tó tẹ́jú borokoto, ẹni tí ìbọn rẹ̀ ń lọ jìnnà jù ló máa ń borí, eré á sì ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn

Àfọwọ́ṣe ló ṣáájú. Ti inú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ló dé. Ní 1812, Georg Leopold von Reiswitz gbé tábìlì eré ogun kan fún Friedrich Wilhelm Kẹta, ọba Prussia. Àwọn àwo pílásítà tí wọ́n kùn bí ilẹ̀, odò àti igbó ló bá a wá, ẹni tó ń ṣeré á sì máa tò wọ́n bó ṣe wù ú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Georg Heinrich, tún eré náà ṣe ní 1824, máàpù oníbébà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:8000 ló lò dípò àwọn àwo náà, ilẹ̀ tó ṣeé fọwọ́ bà sì kúrò lórí tábìlì fún ìgbà pípẹ́.

H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ilé lè ṣe, nínú ìwé rẹ̀ Little Wars tó jáde ní 1913. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jagun. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀: àwọn ìwé ìmọ̀ ńláńlá, búlọ́ọ̀kù onígi tí ọmọdé fi ń kọ́lé, pákó àti ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ tó dúró fún igbó.

Ní àkókò tí Donald Featherstone, òǹkọ̀wé eré ogun, gbé ìwé rẹ̀ War Games jáde ní 1962, àwọn kan ń lo tábìlì oníyanrìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń mọ òkè nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni a fi ń wó o, àmọ́ ó wúwo bí òkúta, iyanrìn rẹ̀ a sì máa họ ọ̀dà ara ère. Fóòmù polystyrene ló gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Games Workshop gbé Warhammer, eré ogun orí tábìlì kan, jáde ní 1983, tí eré náà sì tàn kálẹ̀, ilé àti àwókù oníke tí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ kò kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìwọ̀n

Gíga ère ni a fi ń mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó. Ère mìlímítà 28 ló wọ́pọ̀ jù. Ti 15, 10 àti 6 wà fún àwọn tó fẹ́ kó odindi ẹgbẹ́ ogun sórí tábìlì kan. Bí a bá fi ìwọ̀n 1:56 tí ọ̀pọ̀ ń lò fún ère mìlímítà 28 ṣírò, ilẹ̀kùn mítà méjì á di nǹkan bíi mìlímítà 36. Ẹni tó bá gé e bẹ́ẹ̀ á rí i pé àṣíborí ọmọ ogun òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà, nítorí ère náà dúró lórí ìtẹ́lẹ̀ tó nípọn tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn tí ọwọ́ wọn ti mọ́ ọn fi ń gé ilẹ̀kùn tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà rí. Bí ìtẹ́lẹ̀ ère bá fẹ̀ ní mìlímítà 32, tí àlàfo àárín ilé méjì sì jẹ́ 30, bó ti wù kó jọ ọ̀nà tó lójú, ògiri ni.

Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin ló ti pẹ́ jù lọ. Ní 2020, ẹ̀dà kẹsàn-án Warhammer 40,000, eré mìíràn láti ọwọ́ Games Workshop, fi ínṣì 60 sí 44 ṣe ìwọ̀n tó kéré jù fún ìjà tí ọ̀pọ̀ ń jà, àwọn kan sì ní láti gé etí pátákó tí wọ́n ti ń lò láti ọdún gbọ́ọrọ.

Fóòmù àti ohun tó ń jẹ ẹ́

Oríṣi fóòmù polystyrene méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn kì í sì í ṣe kékeré. Èyí funfun tí wọ́n fi ń yí tẹlifíṣọ̀n ká nínú páálí rẹ̀, kóró róbótó-róbótó tí ooru lẹ̀ pọ̀ ni. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, á fọ́ yángá, kóró rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ, á lẹ̀ mọ́ irun, a ó sì máa ṣa wọ́n nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì ni XPS, tí wọ́n ń tẹ́ mọ́ ara ilé kí ooru tàbí òtútù má bàa gba ibẹ̀ kọjá. Èyí ki, kò ní kóró. Ọ̀bẹ mímú á là á kọjá tónítóní, pẹ́ńsù lásán á sì fa ìlà sára rẹ̀ tí kò ní parẹ́. Funfun dára fún òkè ńlá tí a ó fi nǹkan bò. Fún ohun tí ojú yóò sún mọ́, XPS ni.

Àwọn mìíràn ń fi wáyà nichrome, tó máa ń gbóná bí iná bá ń gba inú rẹ̀, gé e. Ní ti gidi, wáyà náà kì í gé e, ńṣe ló ń yọ́ ọ. Èéfín rẹ̀ ní styrene nínú, èròjà tí kò dára láti fà símú, ẹ̀bá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ sì ni a ti ń ṣe é.

Ọ̀dà agolo tí a ń fín ni ọ̀tá fóòmù. Acetone àti àwọn èròjà bíi rẹ̀ tó wà nínú ọ̀dà náà ń yọ́ polystyrene, ì báà jẹ́ funfun, ì báà jẹ́ XPS. Ojú kékeré kan tí búrọ́ọ̀ṣì fò nígbà tí a ń fi gúlúù bo ara rẹ̀ ti tó. Ọ̀dà á gba ibẹ̀ wọlé, á jẹ inú rẹ̀, ara ògiri á wá dúró bí ìkarahun tí ìgbín ti kú sínú rẹ̀. Súpà gúlúù náà ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì ní àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fín in sí i láti rí àpáta tí ojú rẹ̀ ti jẹ́gijẹ̀gi. Kò burú, bí èèyàn bá ti mọ ohun tó ń ṣe.

Ògiri òkúta kan

Ògiri ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó gé XPS sí ọ̀pá tó ga ní mìlímítà 20, tó nípọn ní 10, èyí tí yóò tó àyà ère mìlímítà 28. A ó fi pẹ́ńsù fa ìlà òkúta sí ojú rẹ̀ méjèèjì àti sí orí rẹ̀, kí orígun òkè má ṣe bọ́ sórí orígun ìsàlẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà, a ó fún bébà fọ́ìlì pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, a ó sì máa yí i mọ́ ọn lára, ká tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Fọ́ìlì tó rún á lu kòtò wẹ́wẹ́ sí i, ohun tó ń dán bí ike tẹ́lẹ̀ á sì di òkúta. Bí a bá fi ìdí pẹ́ńsù ti òkúta kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún wọlé díẹ̀, ògiri náà á dà bí èyí tó ti pẹ́.

Ọ̀dà dúdú tí a pò mọ́ gúlúù funfun tí wọ́n ń pè ní PVA ni a kọ́kọ́ ń kùn sí i. Òun ló ń dí ihò, òun ló sì ń mú kí fóòmù le. Nígbà tó bá gbẹ, ó kan kíkùn gbígbẹ. A ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà aláwọ̀ eérú, a ó nù ún sára tíṣù títí yóò fi ku díẹ̀ kó gbẹ tán, a ó wá máa gbá a lórí òkúta. Ibi tó yọ síta nìkan ló máa gba àwọ̀. Inú kòtò á ṣì dúdú. Eérú tó ṣú ló ń ṣáájú, èyí tó mọ́ díẹ̀ á tẹ̀ lé e, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun á sì kan etí nìkan. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe àṣejù sí.

Òkè, igbó àti odò

Òkè tó bá jọ òkè gidi kì í jẹ́ kí ère dúró. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ á yẹ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì máa yọ̀ bọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń to fóòmù sórí ara wọn bí àtẹ̀gùn, ìpele kọ̀ọ̀kan tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń dagun. Kò jọ òkè púpọ̀, àmọ́ ó ṣeé bá ṣeré. Gúlúù PVA tó wà láàárín ìpele méjì kì í rí afẹ́fẹ́, ó sì lè gbà á ju ọjọ́ kan lọ kó tó gbẹ. Igi ìtayín ni a fi ń gún wọn pọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn.

Igi igbó, wáyà tínrín ni. A ó lọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀, ìsàlẹ̀ á di ìtì, òkè ni a ó tú sí ẹ̀ka. Fóòmù rírọ̀ bíi ti bẹ́ẹ̀dì, tí a gé wẹ́wẹ́ tí a sì rẹ sínú ọ̀dà ewé, ni ewé rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí a má lẹ igi mọ́ ilẹ̀ igbó. Ilẹ̀ náà ló ń fi ààlà igbó hàn. Nígbà tí ọmọ ogun bá wọ inú rẹ̀, a ó gbé igi kúrò lọ́nà, igbó kò sì ní yí padà.

Iyanrìn lórí PVA ló ń di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Fún koríko, fọ́nrán náílọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fi iná mànàmáná sí wọn lára, wọ́n á máa ti ara wọn, wọ́n á sì nàró sínú gúlúù tútù dípò kí wọ́n sùn sílẹ̀.

Odò aláwọ̀ búlúù ni a fi ń mọ iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ewé tó ṣú tàbí àwọ̀ ẹrẹ̀, tí a fi fáníìṣì tó ń dán bò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ló ń jọ omi. Epoxy, ohun olómi tó máa ń le bó bá yá, dára jù ú lọ, bí a kò bá dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó máa ń gbóná bó ṣe ń le.

Ìtẹ́lẹ̀

MDF, pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi tẹ̀, tó nípọn ní mìlímítà 3 ni wọ́n sábà ń gbé ilé àti igbó kà. Omi inú PVA ń wú ojú kan rẹ̀, bó bá sì ti ń gbẹ, ojú náà á fà, ìtẹ́lẹ̀ á ká sókè bí ewé. Bí a bá kun ojú méjèèjì kí a tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Eruku MDF kò dára láti fà símú. Aṣọ ìbomú ṣe pàtàkì nígbà tí a bá ń fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tí a ń fi sáńdípépà dán etí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ti wọ iṣẹ́ yìí báyìí. Ó ń tẹ odindi ilé, àmọ́ ó lè gbà á ní ọ̀pọ̀ wákàtí láti ṣe ògiri tí ọ̀bẹ á gé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Fèrèsé, ilẹ̀kùn àti àgbá ọtí, tí ọwọ́ kì í fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ni ọ̀pọ̀ ń fi í tẹ̀. Wọ́n á wá lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri fóòmù tí wọ́n fúnra wọn gé.