Igi ni tòlótòló igbó ń wá létí odò

Ẹni tó jẹ́ pé tòlótòló ọdún Kérésìmesì nìkan ló mọ̀ lè má gbà pé ẹyẹ yìí ń fò. Ti inú igbó Amẹ́ríkà ń fò dáadáa. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, orí igi gíga ló ń wọ̀ sí, torí kì í ríran dáadáa lóru, coyote, ìyẹn ajá igbó Amẹ́ríkà, àti ológbò igbó sì ń jẹ̀ kiri nílẹ̀.

Ní Texas, níbi tí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Rio Grande ti pọ̀ jù, etí odò ni ibùwọ̀ wọn sábà máa ń wà. Làwọn ọdẹ kan bá ní omi ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ náà a máa súni. Bí ilé epo kan ṣoṣo bá ní iná lójú ọ̀nà márosẹ̀, ibẹ̀ làwọn onítírélà máa sùn sí. Ẹni tó bá bá wọn níbẹ̀ láàárọ̀ á ní epo ni wọ́n wá rà. Ilẹ̀ Texas gbẹ lápá ibi púpọ̀, koríko àti igi ẹlẹ́gùn-ún kúkúrú ló kún un. Etí omi ni igi cottonwood àti igi pecan ti ń rí omi fà débi tí wọ́n á fi ga. Níbi tí igi gíga ò sí, orí òpó iná ni tòlótòló ń sùn. Kò sì sí odò lábẹ́ òpó iná.

Ti Florida yàtọ̀. Inú àbàtà ni igi cypress dúró sí níbẹ̀, ẹyẹ á sì sùn sórí omi gan-an. Ohunkóhun tó bá ń yọ́ bọ̀ nísàlẹ̀, omi á pariwo rẹ̀.

Nítorí pé igi gíga ò pọ̀, Rio Grande kì í ṣàdédé pààrọ̀ ibùwọ̀. Ó lè máa padà sí igi kan náà lọ́dọọdún. Ìyẹ́ àti ìgbẹ́ á wà lábẹ́ igi náà, ipasẹ̀ á wà nínú ẹrẹ̀. Ọdẹ tí kò ní sùúrù á wá lọ jókòó sábẹ́ igi ọ̀hún. Tó bá fi lé wọn lẹ́ẹ̀kan sí méjì, wọ́n lè kó lọ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ jẹun ló yẹ kó ti dúró dè wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ní ẹ̀gbẹ́ odò tí wọ́n máa balẹ̀ sí. Akọ tó bá balẹ̀ sí òdìkejì lè máa dáhùn ìpè tí ọdẹ ń pè bí abo títí láì sọdá, bẹ́ẹ̀ ó lè fò ó kọjá wẹ́rẹ́. Ìró odò tó ń ṣàn máa ń bo ẹsẹ̀ ọdẹ, ṣùgbọ́n ó ń bo igbe akọ náà mọ́ ọn létí, nítorí náà, ibi tó ga díẹ̀, tó jìnnà sómi, ló dáa kó ti tẹ́tí sí wọn ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n bá ń fò sórí igi.