Bí bàálù kékeré ṣe ń dènà fàyàwọ́ oògùn olóró lójú òfurufú Bùràsíìlì

Bàálù tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń kó kokéènì wọ Bùràsíìlì láti Bòlífíà àti Perú kì í sábà ju Cessna, bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, lọ. Orí igi ló máa ń rọra fò kọjá, eré rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 250 lọ ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá rán jẹ́ẹ̀tì ogun sí i, kí awakọ̀ tó ráyè ka nọ́ńbà ara rẹ̀, jẹ́ẹ̀tì ti ré e kọjá. Bí jẹ́ẹ̀tì bá sì ní kí òun rọra, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé e dúró mọ́.

Ọ̀dọ̀ bàálù ìkọ́ni ni ojútùú ti wá. Embraer, iléeṣẹ́ Bùràsíìlì tó ń ṣe bàálù, ti ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Tucano, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 750. Ìyẹn tó láti fi kọ́ awakọ̀, àmọ́ kò tó láti gbé ìbọn, irin ààbò àti epo tí yóò pẹ́ lókè igbó Amasọ́nì. Wọ́n fa ara rẹ̀ gùn ní ohun tó lé ní mítà kan, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 1,600 sí i, wọ́n sì ki ìbọn 12.7 mm méjì bọ inú apá rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Super Tucano nìyẹn, A-29 lẹ́nu àwọn ológun. Torí pé inú apá ni ìbọn wà, abẹ́ apá ṣófo fún táǹkì epo àfikún. (Nàìjíríà gba 12 nínú irú rẹ̀ lọ́dún 2021, àmọ́ nítorí ogun Boko Haram ni wọ́n ṣe rà á.)

Ìbọn ni gbogbo ènìyàn máa ń wò, ṣùgbọ́n ojú bàálù náà ló jù. Lábẹ́ rẹ̀ ni kámẹ́rà roboto kan wà tó ń rí ooru. Lóru, ẹ́ńjìnnì Cessna á máa tàn yanran lórí igbó tó ti tutù. Iná ara àwọn ẹ̀rọ iwájú awakọ̀ pàápàá, wọ́n tún un ṣe kí ó má baà ṣe awò ìríran òru tó wà lójú awakọ̀ ní bàìbàì. Síbẹ̀, A-29 kò ní rédà tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń rí bàálù láti ọ̀nà jíjìn. Rédà orí ilẹ̀ kì í sì í tètè rí ohun tó bá fò sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. E-99, bàálù ńlá tó pọn rédà Erieye sẹ́yìn, ló máa ń wolẹ̀ láti òkè tí yóò sì máa darí A-29 lọ bá onífàyàwọ́.

Òfin ló wá kù. Àṣẹ 5.144 tí ìjọba Bùràsíìlì gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2004 to ìgbésẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ ka nọ́ńbà bàálù náà, wọ́n á wádìí ẹni tó ni ín, wọ́n á pè é lórí rédíò. Bí kò bá dáhùn, A-29 á sún mọ́ ọn, á máa ju apá sókè sódò, èyí tí gbogbo awakọ̀ lágbàáyé mọ̀ sí “tẹ̀ lé mi”. Bó bá kọ̀, wọ́n á pàṣẹ kó yà tàbí kó balẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ọta oníná á fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó yìnbọn lu bàálù fúnra rẹ̀, àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ àgbà wá, kò gbọdọ̀ jẹ́ lókè ìlú tí èrò pọ̀ sí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gba ohùn tàbí àwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìgbésẹ̀ yìí ti pọ̀ jù, kó wo Perú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2001, A-37 ti ìjọba ibẹ̀ (bàálù ìkọ́ni tí Amẹ́ríkà sọ di ti ogun lòun náà) yìnbọn lu Cessna àwọn míṣọ́nnárì. Ìyá kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú. Wọ́n ti pe awakọ̀ náà lórí rédíò, ìkànnì mìíràn ló wà, wọ́n sì fo àwọn ìgbésẹ̀ tó kù. Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe fún irú iṣẹ́ yìí dúró ní Perú àti Kòlóńbíà. Ọdún 2003 ni ti Kòlóńbíà tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Bùràsíìlì, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2009, A-29 méjì ká Cessna 206 kan tó ń bọ̀ láti Bòlífíà mọ́ ojú òfurufú ìpínlẹ̀ Rondônia. Awakọ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ lé àṣẹ wọn, àfi ìgbà tí wọ́n yin ọta ìkìlọ̀ ló tó gbà láti balẹ̀. Kílò 176 kokéènì tí wọn ò tíì sọ di lẹ́bú ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Àwọn méjì tó wà nínú bàálù ti fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ló lọ mú wọn ní ìlú Pimenta Bueno.